Ojú Ni Bàbá Àgbà Fi Ń Gbọ́ Ohùn

Fún ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn ayé wọn, bàbá àgbà mi kò gbọ́ ohùn èèyàn mọ́. Iṣẹ́ ohùn sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun. Mo kọ gbólóhùn méjèèjì yìí, mo tún wọn kà, ó ṣì ń ṣe mí bíi pé bàbá ẹlòmíràn ni mò ń ròyìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lọ́sàn-án. Màmá Nomsa, tó ń ta èso lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn nítòsí Joubert Park, mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wọlé fún wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bàbá wà lórí àga, ọwọ́ wọn lórí tábìlì, díìsì kan ṣì ń yí nínú ẹ̀rọ. Màmá Nomsa rò pé oorun ni. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáwọ́ dúró. Wọn kò ṣàìsàn fún ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé òtútù ti dé, kí n má gbàgbé súwẹ́tà bí mo bá ń bọ̀ wá kí wọn.

Mo wọ bàálù láti Durban, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ apòògùn. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí n lè mọ iṣẹ́ àwọn oníbàárà tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, lábẹ́ páálí díìsì tuntun, mo rí àpòòwé ilé ìwòsàn kan. Àyẹ̀wò etí ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà: ìlà méjì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, àwọn méjèèjì ń já wálẹ̀ bí òkúta tó yí láti orí òkè. Dókítà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ohun tó ti lọ kò ní padà mọ́. Pé Bàbá ṣì lè gbọ́ ààrá àti fèrè táásì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní yé wọn, àní pẹ̀lú ẹ̀rọ àfisétí. Ìwé náà ti pé ọdún márùn-ún.

Mo pe bàbá mi ní Ìbàdàn.

"Dádì, etí Bàbá ti di kí wọ́n tó kú."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa. Ó ti tó ọdún márùn-ún."

Wọ́n ní, "Bàbá tí wọ́n ń tún ohùn ṣe?"

Mo jókòó sórí àga tí wọ́n kú lé. Mi ò sunkún.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn látòkè délẹ̀. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe ní Iléṣà kí wọ́n tó wá síbí. Àwọn àti màmá àgbà ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú ilé tí wọ́n háyà ní àdúgbò Bertrams. Màmá àgbà sì ti kú ṣáájú ìwé dókítà yẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ìṣe wọn ló gbà mí lọ́kàn, nítorí láti ìgbà tí mo ti rí ìwé náà, kò sí èyí tí mo rántí tó ṣì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé ta ló ṣì ń wo díìsì láyé fóònù yìí. Àwọn ìyá àgbà ní Soweto ń wò ó. Ẹ̀rọ díìsì wọn wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fún ojú mọ́ fóònù. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó. Àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń fi í ránṣẹ́ sí abúlé tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ti já geere. Wọ́n á gbé fídíò wá, Bàbá á yí i padà sí irú èyí tí díìsì lè gbà. Bí ibòmíràn bá sì ti bà á jẹ́, tí ohùn sọnù tàbí tí àwòrán ń fọ́, ọ̀dọ̀ Mkhulu ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Mkhulu ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, ìyẹn bàbá àgbà lédè Zulu.

Olùṣọ́àgùntàn kan, ọmọ Èkìtì, gbé ìwàásù wákàtí kan wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn àti ẹnu ń rìn pọ̀. Nígbà tó máa fi dé àdúrà ìparí, Olùṣọ́àgùntàn ti pa ẹnu dé, "Àmín" ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Ó ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì. Wọ́n kàn ti ohùn síwájú ni. Ìparí bọ́ sípò, ìbẹ̀rẹ̀ wá bàjẹ́. Bàbá kò fọwọ́ kan ohùn rárá. Àwòrán ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ṣàlàyé pé bí ibi tí èèyàn wà bá mọ́lẹ̀, fóònù a máa ya àwòrán púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, a dín in kù. Díìsì ní tirẹ̀ ń fẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n géérégé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ sọ gbogbo àwòrán náà di márùndínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó wá so ohùn mọ́ ọn. Ohùn àti ẹnu bá ara wọn rìn dé "Àmín".

Olùṣọ́àgùntàn bi wọ́n pé kí ló ń ṣe ohùn náà tẹ́lẹ̀.

Bàbá ní, "Fóònù yín a máa rìn, a sì máa sáré. Díìsì ò mọ̀ ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ẹ má bá ohùn wí, sà."

Ẹ má jẹ́ kí n sọ wọ́n di áńgẹ́lì o. Wọ́n mọ ìjà á jà. Dókítà kan, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, gbé fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá, wákàtí márùn-ún gbáko, ó ní orí díìsì kan ṣoṣo lòun fẹ́ kó wà. Ṣọ́ọ̀bù kan ti kọ́kọ́ bá a ṣe é. Wọ́n tẹ àwòrán fífẹ̀ mọ́ra, ìyàwó wá ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó iná. Bí àwọn èèyàn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ojú wọn á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bàbá tún gíga ìyàwó ṣe lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní díìsì mẹ́ta ni ìyókù máa gbà.

"Bàbá, ọ̀kan ni mo ní kí ẹ ṣe," Dókítà wí. "Ibòmíràn ṣe é sí ọ̀kan."

"Ẹ wo àwọn tó ń jó nínú tibòmíràn yẹn. Ṣé ojú èèyàn nìyẹn, àbí táìlì ilé ìwẹ̀?"

Inú bí ọkùnrin náà. Mo wà níbẹ̀, mo rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe le. Bó ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ tó, láìwo ibòmíràn. Mo rò pé sùúrù ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá ní, "Bí ẹ bá di ọgọ́rùn-ún àgbàdo sínú ìkòkò kan, gbogbo rẹ̀ ló máa wọlé, kò sí èyí tó máa jinná."

Dókítà gba díìsì mẹ́ta lọ sílé.

Bàbá kì í kánjú kọ díìsì. Ìyára tó kéré jù lọ ni wọ́n ń yàn, wọ́n á sì fa àga sẹ́yìn, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo bí ara ọmọ ṣe gbóná tó. Lásìkò tí ìjọba ń pín iná lò, wọ́n á kọ́kọ́ wo àkókò tí iná máa lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iná lọ kí àsìkò tó tó. Robot oríta, iná tó ń darí ọkọ̀, kú, táásì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, díìsì tó ku díẹ̀ kó parí sì bàjẹ́. Mo ní, "Eish, Bàbá, bí ẹ bá ti sáré kọ ọ́ ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ì bá ti parí." Wọ́n yọ díìsì tó bàjẹ́ náà, wọ́n gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Ohun tí a bá fi ìkánjú kọ, ẹ̀rọ àwọn arúgbó kì í lè kà á."

Kí wọ́n tó gba iṣẹ́ tó ní wàhálà ohùn, wọ́n á fún oníbàárà ní bébà àti bírò, wọ́n á ní kó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú fídíò sílẹ̀. Àwọn kan ń ráhùn, wọ́n á kọ ọ́ náà. Ohùn a máa hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ìlà tó ní òkè àti àfonífojì. Bàbá á wá ibi tí ètè ti pàdé nínú àwòrán, wọ́n á sì wá òkè tó bá a mu lórí ìlà. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí n bá àwọn wá ibi tí ẹnìkan ti pe "bàbá". Nínú èdè wa àti nínú Zulu, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ètè á pàdé lẹ́ẹ̀mejì, òkè méjì á yọ lórí ìlà. Bí wọ́n bá ti so "bàbá" mọ́ "bàbá", ìyókù á tẹ̀lé e.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kàn fi etí gbọ́ ọ kí wọ́n sì tì í síbi tó yẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́, etí a máa gba irọ́. Ètè tó bá pàdé ti pàdé."

Mo rò pé òwe ni wọ́n ń pa fún mi. Láàárọ̀ yìí ni mo tún ń sọ ọ́ fún ara mi nínú ilé ìdáná, mo sì dúró láìmọ ohun tí mo wá mú níbẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé mo bá wọn gbé fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìwé yẹn kí n tó lọ sí Durban. Ilé kan náà, tábìlì oúnjẹ kan náà. Èmi tí mò ń ka ìwé àyẹ̀wò aláìsàn lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, màmá àgbà kọ́ mi pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró, Bàbá sì fọwọ́ sí i. Ṣàdédé ni òfin yí padà. Bí mo bá dá wọn lóhùn láti ilé ìdáná, pàápàá bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn bí ìṣe wa, wọn ò ní dá mi lóhùn. Bí mo bá jókòó tì wọ́n tí mo dorí kodò sídìí abọ́, wọ́n á fi ṣíbí kan tábìlì. "Yíjú sí mi kí o tó sọ̀rọ̀."

Ó sú mi lọ́jọ́ kan, mo ní kí ni wọ́n ń wá lójú mi. Wọ́n wò mí títí. "Mo ti darúgbó. Ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ máa wò." Ojú tì mí, mi ò sì bi wọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn Soweto wá ń kọ́? Ọdún tó kọjá ni, mo wá fún ìsinmi. Lerato, ọmọbìnrin olùkọ́ àgbà kan níbẹ̀, gbé fídíò wá lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí ibùsùn, ó ń dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ariwo tẹlifíṣọ̀n yàrá kejì ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lerato kọ gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sórí bébà, ó kún ojú ìwé méjì, Bàbá sì fi ọ̀sẹ̀ méjì yọ ariwo náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi hàn níbi ìrántí òkú náà lọ́sàn-án Sátidé. Bàbá ní kí n bá àwọn lọ, a wọ táásì.

Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbọ́n Lerato ti díìsì bọ inú ẹ̀rọ. Àwòrán jáde, ó mọ́ rekete, ẹnu olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sí ohùn. Wọ́n tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún, wọ́n gbá gbohùngbohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó olóògbé, tó jókòó níwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, "Ohùn rẹ̀ dà? Ohùn rẹ̀ dà?"

Bàbá jókòó tì mí, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Èmi ni mo fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, tí mo sọ fún wọn pé ohùn ò jáde. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí ìyẹn. Wọn ò mọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ̀, wọn ò mọ̀.

Wọ́n dìde. Wọ́n lọ síwájú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Zulu pé, "Ẹ̀rọ yín ò jẹ̀bi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo gbà kọ ohùn sínú díìsì yìí, ẹ̀rọ tó bá ti dàgbà ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àwòrán náà, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu òkú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì. Zulu ni, pẹ̀lú ahọ́n Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n má jà nítorí ilé. Wọ́n ní kí wọ́n máa mú ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí kò ní lọ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ètè olùkọ́ pàdé tí kò là mọ́, ti Bàbá náà pàdé. Ìyàwó olóògbé dìde, ó rìn wá síwájú, ó di ọwọ́ Bàbá méjèèjì mú, kò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀.

Nínú táásì tí a wọ̀ padà, mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe há gbogbo ìyẹn sórí. Wọ́n ní, "Ẹni tó gba ohùn olóhùn lọ́wọ́, tó bá sọnù, tirẹ̀ ni yóò fi rọ́pò." Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kọ díìsì mìíràn fún Lerato, wọ́n kọ ohùn sínú rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ti ẹ̀rọ tuntun àti ti ẹ̀rọ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe fún gbogbo èèyàn láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ tí mo rí ìwé yẹn nínú dúrọ́ọ̀, mo mú un jáde lọ sọ́dọ̀ Màmá Nomsa nídìí èso wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti wọn jọ ń sọ. Wọ́n wo ìwé náà, wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ẹ mọ̀ ni, Mà?"

"Ọmọ mi, èmi ni mo bá Mkhulu lọ sí ilé ìwòsàn."

Wọ́n fi àga kékeré kan lọ̀ mí. Wọ́n ní fún ọdún márùn-ún, kò sí díìsì kan tó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí àwọn ò kọ́kọ́ gbọ́. Bí ọjà bá dá, wọ́n á wọlé, wọ́n á fi ẹ̀rọ sétí, wọ́n á sì nawọ́ sókè níbi tí ohùn bá ti há, tàbí tó bá ń já. Bàbá á wá wo ibẹ̀ lórí ìlà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ ní Durban nígbà náà. Mkhulu ní bí o bá mọ̀, o ò ní lọ."

Wọ́n sì tún sọ èyí tí mi ò rò rí láyé mi. Bàbá kì í gbé ìpè mi. Nítorí náà, mo máa ń gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí wọn ní Yorùbá, Bàbá á kọ èsì padà. Mi ò bi ara mi rí pé ta ló ń gbọ́ ọ. Màmá Nomsa ló ń gbé fóònù sétí. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan péré ò yé wọn. Wọ́n á dojú kọ Bàbá, wọ́n á máa fi ẹnu wọn pe ohun tí wọ́n ń gbọ́ jáde, díẹ̀díẹ̀, Bàbá á sì máa wo ètè wọn títí ọ̀rọ̀ mi á fi yé Bàbá.

"Ọ̀kan wà tí kò kúrò lẹ́nu mi," Màmá Nomsa wí. "Mkhulu ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n tún ẹnu wọn ṣe. Wọn ò lè pe "gbọ́" dáadáa, "bọ́" ló ń jáde, ṣùgbọ́n ó yé mi kedere.

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́."

Ohùn mi ni. Ìgbà òtútù ọdún tó kọjá ni. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀méje lọ́jọ́ náà, wọn ò gbé e, ni mo bá fi ìbínú gba gbólóhùn kan yìí sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, wọ́n kọ ọ́ sí mi pé, "Mo fẹ́. Má bínú." Mi ò fèsì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Màmá Nomsa ń wò mí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ṣe ohun tó ṣòro dáadáa.

"Mo bi Mkhulu pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀," wọ́n wí. "Wọ́n ní ò ń bi àwọn bóyá àwọn ti jẹun ni. Mo sọ fún wọn pé wọ́n tọ́ ọmọ dáadáa. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Oníbàárà kan ti dúró, ó ń yan ọsàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," mo wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."